Bí Ọmọ Àjàṣẹ́, Kétu tàbí Ṣábẹ̀ Ṣe Lè Di Ọmọ Ìlú Faransé: Ẹ Tún Ìwé Ilé Ṣe Kí Ẹ Tó Kan Ìlẹ̀kùn Préfecture

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tó ń gbé ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n sì fẹ́ di ọmọ ìlú níbẹ̀, gbà pé préfecture lọ́hùn-ún, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba tó ń gba ìwé ìbéèrè wọn, ni gbogbo iṣẹ́ wà. Bẹ́ẹ̀, ìdí ọ̀rọ̀ wà nílé ní Benin: ní mairie (ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀) Kétu, ní ilé-ẹjọ́ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), nínú ìwé ńlá tí akọ̀wé kan kọ orúkọ yín sí ní Ṣábẹ̀ nígbà tí ẹ ò tíì lè rìn. Mo ti jókòó ti ọ̀pọ̀ ẹbí ní Àjàṣẹ́ nídìí irú ìwé báyìí. Àwọn tí wọ́n dá padà kì í sábà jẹ́ ọ̀lẹ tàbí ẹni tí kò gbọ́ èdè Faransé. Òṣìṣẹ́ ni wọ́n, wọ́n ń san owó-orí, àmọ́ ìwé wọn ò bára mu, tàbí wọ́n fi ohun kan pamọ́ nípa ẹbí wọn.

Ìdí nìyẹn tí n ó fi pẹ́ lórí ìwé ilé àti ọ̀rọ̀ ẹbí ju bí n ó ti pẹ́ lórí ìdánwò lọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun ni mo ń bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ bá mi ka á fún àwọn tó wà nílé pẹ̀lú, torí àwọn ni yóò máa sáré ìwé fún yín.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ọ̀nà tó jẹ́ tiyín

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Code civil, ìwé òfin ará ìlú ilẹ̀ Faransé, la ọ̀nà sílẹ̀ fún oríṣiríṣi èèyàn, ẹni tó bá sì gba ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀ yóò fi àkókò ṣòfò.

Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà ni naturalisation par décret, ìyẹn dídi ọmọ ìlú nípa àṣẹ ìjọba tí wọ́n ń pè ní décret. Ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 18 ni, tó ti gbé ilẹ̀ Faransé fún ọdún 5 léraléra, pẹ̀lú ìwé ìgbélùú tó dára. Bí ẹni náà bá ti ka ìwé gíga fún ọdún 2 ní yunifásítì tàbí ilé-ẹ̀kọ́ gíga níbẹ̀, tó sì yege, ọdún 5 náà di ọdún 2.

Ẹsẹ 21-20 nínú Code civil kan náà wà níbẹ̀, àwọn èèyàn wa kì í sì í sábà gbọ́ nípa rẹ̀. Ó ní ẹni tó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè tí Faransé ti jẹ́ èdè ìjọba, tó sì ti kàwé fún ó kéré tán ọdún 5 ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi èdè Faransé kọ́ni, kò nílò láti ka ọdún 5 ìgbélùú náà. Faransé ni èdè ìjọba ní Benin. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ CI (kíláàsì àkọ́kọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀) ní Kétu tó sì ṣe é dé CM2 (kíláàsì tó kẹ́yìn níbẹ̀) ti lo ọdún 6, kó tiẹ̀ tó dé kọ́lẹ́ẹ̀jì. Nítorí náà, ẹ má ṣe sọ ìwé ilé-ẹ̀kọ́ yín nù. Ìwé ẹ̀rí CEP, BEPC àti BAC, káàdì èsì ìdánwò, certificat de scolarité (ìwé tó fi hàn pé ẹ kàwé níbẹ̀): gbogbo wọn ni ẹ̀rí. Bí wọ́n bá ti sọnù, ẹ rán ẹnìkan lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà kí olùdarí rẹ̀ tó wà níbẹ̀ báyìí wo inú ìwé orúkọ àtijọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò mi nípa ẹsẹ yìí, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi ṣe ara rẹ̀ léṣe. Kíka ọdún nìkan ló mú kúrò. Iṣẹ́, owó-orí, èdè, ìwà àti ibi tí ẹbí ń gbé ṣì wà ńlẹ̀ digbí. Ẹni tó dé láìpẹ́, tí kò tíì ní iṣẹ́ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, tó sáré fi ìwé sílẹ̀ torí pé ó kàwé ní Ṣábẹ̀, wọ́n á dá a padà. Ẹ fi ẹsẹ yìí sápò, kí ẹ lò ó nígbà tí ohun yòókù bá ti pé.

Ọ̀nà kan tún wà fún àwọn àgbà wa. Ẹni tí wọ́n bí ní Dahomey ṣáájú ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 1960, nígbà tí ilẹ̀ wa ṣì wà lábẹ́ Faransé, tó sì pàdánù jíjẹ́ ọmọ Faransé nígbà òmìnira, lè béèrè pé kí wọ́n dá a padà sípò náà. Réintégration ni wọ́n ń pè é. Kò sí kíka ọdún ìgbélùú níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Faransé ni àgbà náà gbọ́dọ̀ máa gbé ní tòótọ́. Màmá tó lọ kí ọmọ fún oṣù mẹ́ta kò sí nínú rẹ̀. Ti òbí tún kù: ẹni tó ti pé ọdún 65, tó ti gbé ibẹ̀ lábẹ́ òfin fún ọdún 25, tí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ìlú Faransé, lè gbà á nípa déclaration (ìkéde lábẹ́ òfin, kì í ṣe décret).

Ẹni tó fẹ́ ọmọ ìlú Faransé, ọkùnrin tàbí obìnrin, náà ń ṣe déclaration lẹ́yìn ọdún 4 ìgbéyàwó. Ó di ọdún 5 bí ẹni náà kò bá lè fi hàn pé òun gbé Faransé lábẹ́ òfin fún ọdún 3 léraléra láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Bí ó bá jẹ́ mairie Àjàṣẹ́ ni ẹ ti ṣe ìgbéyàwó, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ Faransé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìyẹn láti ọ̀dọ̀ consulat wọn ní Kùtọnu láìdúró de ọdún kẹrin.

Ti ọmọ tí a bí sí Faransé yàtọ̀. Bí òbí rẹ̀ méjèèjì bá tilẹ̀ jẹ́ àlejò, ó di ọmọ ìlú fúnra rẹ̀ nígbà tó bá pé ọdún 18, bí ó bá ń gbé ibẹ̀, tó sì ti gbé ibẹ̀ fún àròpọ̀ ọdún 5 láti ìgbà tó ti pé ọmọ ọdún 11. Òbí lè béèrè fún un láti ọdún 13, bí ọmọ náà bá ti ń gbé ibẹ̀ láti ọdún 8. Òun fúnra rẹ̀ lè béèrè láti ọdún 16. Ẹ̀yin òbí tí ẹ máa ń rán ọmọ padà wá sílé kí màmá àgbà tọ́ ọ, ẹ ka àwọn ọdún yìí dáadáa kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ìwé ìbí àti orúkọ

Ẹ kó gbogbo ìwé tó ní orúkọ yín jáde, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì: ìwé ìbí, páásípọ́ọ̀tù, ìwé ìgbélùú, ìwé ilé-ẹ̀kọ́, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìbí àwọn ọmọ. Ẹ mú bébà kan. Fún ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ ìdílé, orúkọ àbísọ, ọjọ́ ìbí, ibi ìbí, orúkọ bàbá àti orúkọ ìyá, lẹ́tà dé lẹ́tà, bó ṣe wà níbẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bíírò pupa fa ìlà sábẹ́ ibi tó bá yàtọ̀.

Ìlà pupa á pọ̀. Bí wọ́n ṣe kọ orúkọ Yorùbá ní ilẹ̀ wa ló fà á. Akọ̀wé tó kàwé Faransé kọ Olátúnjí sí Olatoundji, ó kọ Balógun sí Balogoun, ó kọ Adéṣínà sí Adéchina. Ọmọ kan náà lọ kàwé ní Àbẹ́òkúta tàbí Ìmẹ̀kọ, wọ́n kọ ọ́ sí Olatunji. Orúkọ mùsùlùmí rẹ̀ wà lórí ìwé kan, orúkọ ìrìbọmi wà lórí òmíràn. Àwọn ọmọ bàbá kan náà ń jẹ́ orúkọ ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ torí pé wọ́n fi orúkọ àbísọ bàbá ṣe orúkọ ìdílé fún ẹnìkan, wọ́n sì lo orúkọ bàbá àgbà fún èkejì. Lójú tiwa, ẹnìkan náà ni. Lójú òṣìṣẹ́ ìjọba Faransé tó ń wo ìwé yín ní Nantes, èèyàn méjì ni, títí ìwé kan yóò fi sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ọjọ́ ìbí náà ní wàhálà tirẹ̀. Ẹni tí ìwé rẹ̀ ní «né vers 1974» (a bí i ní nǹkan bí ọdún 1974) kò ní ọjọ́, kò ní oṣù. Nígbà tó lọ ṣe páásípọ́ọ̀tù, wọ́n fi ọjọ́ kan sí i. Nígbà tó lọ ṣe ìdánwò BEPC, wọ́n ti fi òmíràn sí i. Ohun tó wà nínú ìwé ìbí ni àwọn Faransé yóò tẹ̀ lé. Ìwé yòókù ni kí ẹ mú bá ìyẹn mu.

Bí àṣìṣe bá wà nínú ìwé ìbí fúnra rẹ̀, ilé-ẹjọ́ ló sábà ń tún un ṣe. Akọ̀wé mairie kò láṣẹ láti fi bíírò tún lẹ́tà kan ṣe, bó ti wù kó jẹ́ ọ̀rẹ́ yín tó. Àjàṣẹ́ ní ilé-ẹjọ́ tirẹ̀. Ará Kétu yóò lọ sí ti Pọ̀bẹ́. Ẹni tí wọn ò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ rárá nígbà tí wọ́n bí i yóò gba jugement supplétif, ìdájọ́ tó dípò ìkọsílẹ̀ tí wọn ò ṣe, wọ́n á sì wá kọ ìdájọ́ náà sínú ìwé mairie. Ìwé méjèèjì ni kí ẹ fi ránṣẹ́: ẹ̀dà ìdájọ́ àti ìwé ìbí tó ti inú rẹ̀ jáde. Èèyàn máa ń fi kan sílẹ̀, wọ́n á sì tún kọ lẹ́tà sí i pé kó lọ mú èkejì wá, oṣù á máa lọ.

Ẹ bẹ ilé kí wọ́n gba copie intégrale (ẹ̀dà kíkún ìwé ìbí) tuntun, kì í ṣe ẹ̀dà rádaràda tó ti wà nínú àpótí láti ìgbà tí ẹ wà ní CM2. Láti ìgbà ìkànìyàn RAVIP tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2017 ni ANIP, àjọ ìjọba kan, ti ń bójú tó ìdánimọ̀ àwọn ará ìlú ní Benin, tí kálukú sì ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní NPI. Ìwé ìbí tuntun tó ti ọ̀dọ̀ wọn wá ló dára jù láti fi ṣọwọ́. Kí ẹ tó gbà á, ẹ rí i dájú pé ohun tí RAVIP kọ nípa yín bá ìwé mairie mu, torí pé ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ló dáhùn ìbéèrè dípò ọ̀pọ̀ tó wà lókè òkun lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin ará Kétu, ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ́ tiyín gan-an. Ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fà ní ọdún 1889 gba àárín ìjọba Kétu kọjá. Ìmẹ̀kọ bọ́ sí ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ìlárá sì pín sí méjì. Títí di òní, obìnrin lè bímọ sí ilé ìwòsàn ní Ìmẹ̀kọ, kí bàbá ọmọ lọ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Kétu. Nígbà tó yá, ọmọ náà nílò ìwé fún ilé-ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, wọ́n tún gba ìwé ìbí fún un níbẹ̀. Ọmọ kan, ìbí méjì, ìlú méjì. Kò sí ìwà ibi nínú rẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá fi ọ̀kan sínú dossier (àkójọ ìwé tí ẹ fi sílẹ̀), tí èkejì sì yọjú nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ tàbí nínú fisa àtijọ́, ti bọ́ sínú ìfura. Ẹ yan èyí tó bá òótọ́ mu. Ẹ lọ bá agbẹjọ́rò nílé kó bá yín pa èyí tí kì í ṣe òótọ́ rẹ́ ní ilé-ẹjọ́, kí ẹ sì ṣàlàyé rẹ̀ nínú lẹ́tà kúkúrú kí wọ́n tó bi yín. Ìwé tó bá jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ògbufọ̀ tó ti búra níwájú ilé-ẹjọ́ Faransé ni yóò túmọ̀ rẹ̀. Ti Benin ò nílò ìtumọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra ìwé. Ẹsẹ 47 nínú Code civil sọ pé wọ́n á gba ìwé ìlú òkèèrè gbọ́ àyàfi tí ohun kan bá fi hàn pé ayédèrú ni tàbí pé ohun tó wà nínú rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ara bá fu wọ́n, consulat ní Kùtọnu yóò béèrè lọ́wọ́ mairie pé kí wọ́n ṣí ìwé, kí wọ́n wo souche, ojú ìwé ìpìlẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ wọn. Bí nọ́ńbà tó wà lórí ìwé yín bá jẹ́ ti ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ nationalité (jíjẹ́ ọmọ ìlú) ti parí nìyẹn, ìwé ìgbélùú tí ẹ ní lọ́wọ́ pàápàá lè bá a lọ.

Casier judiciaire ti Benin, ìwé tó ń sọ bóyá ilé-ẹjọ́ ti dá yín lẹ́bi rí, ni ìwé tó kẹ́yìn látilé. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 10 ní Faransé ni wọ́n ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ lè béèrè fún un lórí service-public.bj. Ẹ má tètè gbà á jù, torí ẹ̀mí rẹ̀ kì í gùn. Ẹ jẹ́ kó kù díẹ̀ kí ẹ fi dossier sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Níbo ni ilé yín wà?

Ìbéèrè yìí ló ń gbé ọ̀pọ̀ ọkùnrin wa ṣubú. Òfin ní kí ẹni tó fẹ́ di ọmọ ìlú máa gbé ilẹ̀ Faransé, àwọn adájọ́ sì ti ṣàlàyé ohun tí gbígbé túmọ̀ sí: ibẹ̀ ni ohun ìní àti ẹbí èèyàn gbọ́dọ̀ fìdí kalẹ̀ sí. Ẹni tó ní yàrá ní Saint-Denis, tí ìyàwó àti àwọn ọmọ kéékèèké rẹ̀ wà ní Ṣábẹ̀, tó ń fi owó ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù, ọmọlúàbí ni lójú tiwa. Lójú préfecture, Ṣábẹ̀ ni ilé rẹ̀ wà, wọ́n á sì kọ̀ fún un.

Ẹ kọ́kọ́ kó ẹbí jọ. Regroupement familial ni ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tó ti gbé ibẹ̀ lábẹ́ òfin fún oṣù 18, tó ní owó tó tó àti ilé tó gba ẹbí rẹ̀, lè béèrè fún un. Ó ń náni lówó, ó sì ń pẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí àwọn kọ́kọ́ gba nationalité kó lè rọrùn láti mú ìyàwó wá. Òdìkejì gan-an ni ètò náà.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó ju ẹyọ kan lọ, kò sí bí a ṣe lè rọ ọ́. Faransé kì í fún ẹni tó ní ìyàwó méjì. Ní ilé wa pàápàá, Code des personnes et de la famille, òfin 2002-07 ti ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2004, ìyàwó kan ṣoṣo ló mọ̀. Bí ẹbí bá ti gbé ìdána lọ sílé ìyàwó kejì, tí fọ́tò rẹ̀ sì wà lórí Facebook, ẹ má retí pé ẹnikẹ́ni kò ní rí i.

Èyí ló mú mi dé orí fífi nǹkan pamọ́. Àwọn kan ń kọ «célibataire» (àpọ́n) sínú fọ́ọ̀mù torí pé wọ́n rò pé yóò yá, wọ́n sì ní ọmọ méjì ní Kétu. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a. Bí ìjọba bá rí i pé irọ́ ni wọ́n fi gba décret, wọ́n ní ọdún 2 láti ọjọ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n láti gbà á padà. Ọjọ́ tí wọ́n sábà máa ń mọ̀ ọ́n ni ọjọ́ tí onítọ̀hún fẹ́ mú ọmọ tó fi pamọ́ wá. Ẹ kọ gbogbo ọmọ sílẹ̀: ti ilé, ti òde, èyí tó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ tí ẹ kì í rí. Kí ohun tí ẹ kọ fún CAF (àjọ tó ń san owó ìrànwọ́ ẹbí), ohun tí ẹ kọ fún owó-orí àti ohun tí ẹ kọ fún nationalité jẹ́ ọ̀kan náà. Wọ́n máa ń fi wọ́n wéra.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Iṣẹ́ àti owó-orí

Wọ́n fẹ́ rí i pé owó tí ẹ fi ń jẹun ti inú iṣẹ́ yín ní Faransé wá, kì í ṣe láti inú ìrànwọ́ ìjọba tàbí ọ̀dọ̀ ẹbí nílé. CDI (iṣẹ́ tí kò ní gbèdéke) ló rọrùn jù láti fi hàn. Ẹni tó ń ṣe CDD (iṣẹ́ tó ní gbèdéke) tàbí intérim (iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀) yóò ní láti fi hàn pé iṣẹ́ náà kò dá dúró fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́tà tí mínísítà kọ sí àwọn préfet (olórí préfecture) ní ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún ọdún 2025 ní kí wọ́n túbọ̀ le lórí èyí àti lórí ẹni tó ti gbé ibẹ̀ láìníwèé rí.

Ẹ tọ́jú ìwé owó-oṣù, àdéhùn iṣẹ́ àti avis d'imposition (ìwé owó-orí) ti ọdún mẹ́ta tó kọjá. Ẹ tún gba bordereau de situation fiscale, tí wọ́n ń pè ní P237, lọ́dọ̀ àwọn olówó-orí. Òun ló ń fi hàn pé ẹ ò jẹ gbèsè. Ẹni tó pẹ́ san owó-orí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè rí i nínú lẹ́tà ìjákulẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wíwa mọ́tò láìní ìwé àṣẹ. Àwọn ìyá wa tó ń di irun tàbí tó ń se oúnjẹ tà nílé láìkọ ọ́ sílẹ̀, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ bí auto-entrepreneur, kí owó tí ẹ ń rí lè wúlò fún yín nínú ìwé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Èdè àti ìdánwò ọmọ ìlú

Òfin ọjọ́ 26 oṣù kìíní ọdún 2024 yí ọ̀rọ̀ yìí padà. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2026, ìpele B2 nínú èdè Faransé ni wọ́n ń béèrè, ní sísọ àti ní kíkọ. B1 ni tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ka ìwé dé BAC nílé kò ní rí i bí òkè, àmọ́ B2 kì í ṣe Faransé ọjà Dantokpa: ẹ ó ka àpilẹ̀kọ, ẹ ó kọ lẹ́tà tó ní ìdí ọ̀rọ̀, ẹ ó gbèjà èrò yín lẹ́nu. Ẹni tó gbọ́ Faransé dáadáa tí kò kàwé ni mo ṣàánú jù. Kí ó bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kíkọ báyìí, ọdún kan tàbí méjì ṣáájú. Ìwé ẹ̀rí ìdánwò èdè TCF àti TEF ń lo ọdún 2 péré. Ti DELF kì í kú. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ṣì wà nílé tó ń múra ìrìn-àjò, kó ṣe DELF B2 ní Institut français ní Kùtọnu kó tó lọ.

Láti ọjọ́ kan náà ni ìdánwò kejì, examen civique, ti bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè 40 ni, ìṣẹ́jú 45, lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ ó yan ìdáhùn tó tọ́, 32 ni ẹ sì gbọ́dọ̀ rí gbà. Wọ́n ń béèrè nípa ìlànà orílẹ̀-èdè náà, ìjọba rẹ̀, ẹ̀tọ́ àti ojúṣe, ìtàn àti ilẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń gbé pọ̀. Ẹ mọ ọdún 1789, òfin 1905 tó ya ẹ̀sìn kúrò lára ìjọba, ọdún 1944 tí obìnrin gba ẹ̀tọ́ ìbò, òfin-ìpìlẹ̀ 1958, ọdún 1981 tí wọ́n fi òpin sí ìjìyà ikú. Ìwé kékeré kan tó ń jẹ́ Livret du citoyen wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ní kí ọmọ yín máa bi yín ní ìbéèrè nínú rẹ̀ lálẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Fífi dossier sílẹ̀ àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, lórí ìkànnì ANEF ti ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Ẹ ó fi ìwé ìgbélùú ṣí àkántì, ẹ ó ra timbre fiscal (sítáǹpù owó ìjọba) lórí ẹ̀rọ, ẹ ó sì gbé ìwé kọ̀ọ̀kan sókè. Ẹ ya ìwé pẹ̀lú ẹ̀rọ tó mọ́. Fọ́tò tí fóònù yà nínú òkùnkùn ń fa lẹ́tà «complément» (pé ìwé kù). Ẹ máa wo àkántì náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, torí wọ́n máa ń fún yín ní gbèdéke láti dáhùn. Bí ẹ bá kó ilé, bí ẹ bá yí iṣẹ́ padà, bí ẹ bá bímọ tàbí ṣe ìgbéyàwó láàárín ìgbà tí ẹ ń dúró, ẹ sọ fún wọn lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tó bá yá, wọ́n á pè yín sí préfecture. Ẹ mú ojúlówó gbogbo ìwé dání. Òṣìṣẹ́ náà yóò béèrè nípa iṣẹ́ yín, àwọn ọ̀rẹ́ yín, ohun tí ẹ mọ̀ nípa orílẹ̀-èdè náà, àti ìdí tí ẹ fi fẹ́ di ọmọ rẹ̀. Páásípọ́ọ̀tù fún ìrìn-àjò kì í ṣe ìdáhùn rere sí ìbéèrè ìkẹyìn yìí. Ẹ sọ ohun tó so yín mọ́ ibẹ̀: ọmọ tó ń kàwé níbẹ̀, ẹgbẹ́ tí ẹ wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe fún àwọn arúgbó. Bí wọ́n bá bi yín nípa ìdọ́gba ọkùnrin àti obìnrin, ẹ dáhùn gbangba. Kò sí ẹni tó ní kí ẹ sẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tàbí kí ẹ má kírun mọ́. Ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ni pé òfin ìlú ló ga jù.

Ìgbésẹ̀ keje: Ìdúró, àti bí wọ́n bá kọ̀

Òfin fún wọn ní oṣù 18 láti ìgbà tí dossier bá ti pé. Oṣù 12 ni fún ẹni tó ti gbé ibẹ̀ fún ọdún 10. Lẹ́yìn préfecture, ilé-iṣẹ́ tó wà ní Rezé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nantes, ló tún ń wò ó.

Bí lẹ́tà bá dé tó ní «ajournement», wọ́n sún un síwájú ni, ọdún 2 lọ́pọ̀ ìgbà, kí ẹ lọ tún ohun kan ṣe. Ẹ ka ìdí tí wọ́n sọ. Bí òótọ́ bá ni, bóyá iṣẹ́ ni kò tíì dúró, mo gbà yín níyànjú kí ẹ lo ọdún náà dáadáa dípò kí ẹ bá wọn jà. Bí kò bá jẹ́ òótọ́, tàbí tó bá jẹ́ pé wọ́n kọ̀ pátápátá, oṣù 2 péré ni ẹ ní láti kọ̀wé sí mínísítà, pẹ̀lú lẹ́tà recommandé (èyí tí ilé ìfìwéránṣẹ́ ń gba ìfọwọ́sí fún). Ẹ ò lè fò ó kọjá lọ sí kóòtù. Bí mínísítà náà bá kọ̀, tribunal administratif ti Nantes ló kàn, oṣù 2 náà sì ni. Oṣù 2 yẹn ló ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa jù, torí wọ́n kó ilé láìsọ fún préfecture, lẹ́tà sì lọ sí ilé àtijọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Lẹ́yìn décret

Orúkọ yín á jáde nínú Journal officiel (ìwé ìròyìn ìjọba). Service central d'état civil ní Nantes á ṣe ìwé ìbí Faransé fún yín, òun ni ẹ ó fi gba káàdì ìdánimọ̀ àti páásípọ́ọ̀tù. Ẹ kà á lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn ní ọjọ́ tó bá dé. Faransé kò ní kí ẹ kọ orílẹ̀-èdè yín sílẹ̀ kó tó fún yín ní tirẹ̀. Wọ́n á bi yín bóyá ẹ fẹ́ sọ orúkọ yín di ti Faransé. Kò pọn dandan. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ takuntakun kí Adéchina tó bára mu lórí gbogbo ìwé, kó ronú dáadáa kó tó di Adrien.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ló kù. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, tí kò tíì ṣe ìgbéyàwó, tó ń gbé pẹ̀lú yín, di ọmọ Faransé pẹ̀lú yín, ṣùgbọ́n àfi bí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú décret. Bí ẹ bá bí ọmọ ní oṣù tó ṣáájú décret tí ẹ ò sọ fún wọn, décret á jáde láìní orúkọ rẹ̀. Ọmọ tó wà lọ́dọ̀ màmá àgbà ní Ṣábẹ̀ lọ́jọ́ náà kò sí nínú rẹ̀. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹsẹ 21-22 ṣì fi àyè sílẹ̀: bí ó bá wá gbé Faransé pẹ̀lú òbí rẹ̀ tó ti di ọmọ ìlú, tí wọ́n sì jọ gbé fún ọdún 5, ó lè béèrè naturalisation kó tó pé ọdún 18. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọmọ tó bá dé lẹ́yìn ọdún 13 kò ní bá a mọ́.